Ẹ̀wà BT lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oyin: kí n gbìn ín ni àbí kí n dá a padà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àgbẹ̀ ni mí lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, éékà mẹ́ta ni mo máa ń gbin ẹ̀wà sí lójò kejì lọ́dọọdún. Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánò mú irúgbìn kan wá fún mi, kílò márùn-ún, ó ní òun ni wọ́n ń pè ní ẹ̀wà BT, pé kòkòrò kì í jẹ ẹ́, n ò ní fín oògùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Inú mi dùn àmọ́ ẹ̀rù tún ń bà mí. Mo ní ilé oyin mẹ́jọ létí oko yẹn, oyin yẹn ni mo fi ń sanwó ilé ìwé ọmọ. Mo tún ní ẹ̀wà kan tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sí lọ́jà, mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn kan ládùúgbò ní tí n bá gbìn ín ilẹ̀ á kú, labalábá á tán, pé ẹyẹ tó bá jẹ kòkòrò tó jẹ ẹ̀wà yẹn náà á kú. Ẹ jọ̀ọ́, kí n gbìn ín ni àbí kí n dá a padà?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú oko o, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ má dá irúgbìn yẹn padà. Ẹ gbìn ín, àmọ́ ẹ má gbìn ín bí ẹ ṣe ń gbin ẹ̀wà yín tẹ́lẹ̀, nítorí ewu kan wà nídìí ẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn gan-an ò sì sí nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún yín ládùúgbò, n ó dé ibẹ̀. Iṣẹ́ kòkòrò oko ni mo kọ́, òun náà ni mo fi ń jẹun, mo ti wọ oko ẹ̀wà láàárọ̀ kùtù ju bí mo ṣe lè kà lọ, ti BT ni o, ti ẹ̀wà lásán ni o, àti èyí tí wọ́n fín lóògùn débi pé ewé jóná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ kòkòrò tí à ń sọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo kòkòrò ni ẹ̀wà yìí ń pa. Nígbà tí ẹ̀wà yín bá ń tanná, ẹ wọ oko láàárọ̀, ẹ wá òdòdó tó ti rọ tó dà bíi pé wọ́n fi òwú aláǹtakùn dè é mọ́ ewé tàbí mọ́ pódì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ rọra tú u. Ẹ ó bá ìdin kan níbẹ̀, ara ẹ̀ á funfun díẹ̀, àmì dúdúdúdú á tò sí i lẹ́yìn ní méjìméjì títí dé ìdí, ìgbẹ́ ẹ̀ tútù á wà lẹ́nu ihò tó lu. Maruca lorúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ìyá ẹ̀ ni àfòpiná aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó jẹ́ pé tó bá bà, ńṣe ló máa ń na ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni sá aṣọ, apá kan lára ìyẹ́ yẹn á mọ́ gaara bíi gíláàsì. Òru ló ń rìn. Ìdin ẹ̀ ń jẹ òdòdó, ó ń jẹ pódì, inú lọ́hùn-ún ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí oògùn tí ẹ ń fín kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án, tí àwọn àgbẹ̀ sì ń fín in lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kí wọ́n tó kórè. Ọdún tó bá le, ó lè kó ju ìdajì ẹ̀wà lọ.

BT yẹn, orúkọ bakitéríà kan ni wọ́n gé kúrú, Bacillus thuringiensis. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ní ọdún 1901, onímọ̀ kan ní Japan ti rí i níbi tó ti ń pa ìdin tó ń ṣe sílíìkì, ní 1911 wọ́n rí i ní Jámánì náà ní agbègbè Thuringia, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Láti nǹkan bí 1938 ni wọ́n ti ń tà á bí oògùn oko ní ilẹ̀ Faransé, títí dòní àwọn àgbẹ̀ tí kì í fọwọ́ kan kẹ́míkà rárá ṣì ń fín in. Prótíìnì kan wà tí bakitéríà yìí máa ń ṣe, wọ́n ń pè é ní Cry1Ab. Jíìnì tó ń pàṣẹ kí wọ́n ṣe prótíìnì yẹn ni wọ́n mú, tí wọ́n fi sínú ẹ̀wà, kí ẹ̀wà fúnra ẹ̀ lè máa ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ọ̀gbìn IAR tó wà ní Sàmárù, Zaria, lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, ló ṣiṣẹ́ náà pẹ̀lú AATF, àjọ kan tó ń mú ìmọ̀ ọ̀gbìn tuntun wá fún àgbẹ̀ Áfíríkà, àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ CSIRO ti Australia, ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́nu ẹ̀. NBMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò irú nǹkan báyìí, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019, ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní SAMPEA 20-T. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gba ẹ̀wà irú ẹ̀ láyè lágbàáyé. 2021 ló bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àgbẹ̀.

Bó ṣe ń pa ìdin rèé o, ibẹ̀ ni ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè yín wà. Tí ìdin bá jẹ òdòdó yẹn, prótíìnì náà á dé inú ìfun ẹ̀. Ìfun ìdin àfòpiná kò kan bíi tiwa, ńṣe ló dà bí omi eérú, àwọn nǹkan kan sì wà lára ògiri ìfun yẹn tí prótíìnì yẹn máa ń lẹ̀ mọ́, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìfun á lu, ìdin ò ní lè jẹun mọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kú. Inú tiwa kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, àgádágodo yẹn ò sì sí lára ìfun wa, kò sí lára ìfun ewúrẹ́, kò sí lára ìfun adìyẹ, prótíìnì yẹn á kàn dà nínú wa bíi prótíìnì ẹran àti ẹja ni. Ìdin labalábá àti àfòpiná ni Cry1Ab ń bá jà. Oyin kì í ṣe ara wọn.

Torí náà ẹ jẹ́ n mú ti oyin tán. Kò ní pa oyin yín. Ní 2008 àwọn onímọ̀ kó ìwádìí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jọ tí wọ́n ti ṣe káàkiri, níbi tí wọ́n ti fún oyin ní irú prótíìnì yìí, fún ọmọ oyin àti àgbà oyin, wọn ò rí i kó ṣe wọ́n ní nǹkankan. Ohun tó ń pa oyin nínú oko ẹ̀wà ni oògùn tí à ń fín, mo sì fojú mi rí i. Ọdún kan, mo lọ wo oko kan lápá Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin tó ni ín ní ilé oyin mẹ́rin nídìí igi ẹmi. Aládùúgbò ẹ̀ ti fín ẹ̀wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí aago mẹ́jọ, ìgbà tí òdòdó ṣí sílẹ̀ tí oyin wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tí a fi máa débẹ̀ lọ́sàn-án, oyin ti sùn sílẹ̀ níwájú ilé wọn pẹrẹsẹ, ó nípọn tó pé ẹ lè fi ọwọ́ bù ú, àwọn kan ṣì ń yí po lórí ilẹ̀ tí ahọ́n wọn yọ síta, àwọn tó wà nínú ilé sì ń wọ́ òkú jáde. Ọkùnrin yẹn ò sọ̀rọ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá wọn jọ. Tí ẹ̀wà BT bá lè mú fínfín lẹ́ẹ̀mẹ́jọ wá sí ẹ̀ẹ̀mejì, oyin yín gan-an ló máa kọ́kọ́ jẹ èrè ẹ̀.

Ó sì kù díẹ̀ lórí oògùn yẹn. Ní 2015 ni Europe sọ pé àwọn ò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́, torí wọ́n ń bá oògùn kòkòrò kan tó ń jẹ́ dichlorvos nínú ẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ẹ̀wà yẹn kan náà là ń jẹ nílé o, tí à ń fi ṣe mọ́ínmọ́ín fún ọmọ. Tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ẹ̀rù ẹ̀wà BT ń ba òun, mo máa ń fẹ́ kó gbé ẹ̀rù ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó wọn méjèèjì wò.

Ti labalábá, ìtàn wà nídìí ẹ̀, àwọn tó ń sọ ọ́ ò kàn hùmọ̀ ẹ̀. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell lÁmẹ́ríkà mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo BT, wọ́n bù ú sórí ewé, wọ́n fún ìdin labalábá kan tí wọ́n ń pè ní monarch jẹ, púpọ̀ nínú wọn kú. Ariwo sọ káyé. Ó yẹ kí ariwo sọ, torí ìdin labalábá ni, kọ́kọ́rọ́ yẹn lè wọ àgádágodo tiẹ̀ náà. Àmọ́ inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí wọ́n wá lọ wọn lẹ́búlẹ́bú tó ń dé orí ewé nínú oko gidi, èsì tó jáde ní 2001 ni pé ó kéré ju èyí tó lè pa wọ́n lọ, àfi irú àgbàdo kan, Bt176, tí prótíìnì yẹn pọ̀ jù nínú lẹ́búlẹ́bú ẹ̀, wọ́n sì ti kó ìyẹn kúrò nílẹ̀. Àgbàdo ni o, atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú tiẹ̀ kiri. Lẹ́búlẹ́bú ẹ̀wà wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, kì í fò. Èmi fúnra mi, labalábá tí mo máa ń rò tí mo bá dé apá ọ̀dọ̀ yín ni kànní, ìdin orí igi ẹmi tí àwọn èèyàn ń ṣà tí wọ́n ń sá tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀. Ọmọ àfòpiná lòun náà, tó bá jẹ ewé ẹ̀wà BT bóyá á kú. Ṣùgbọ́n ewé ẹmi ló ń jẹ, kò ní ohun tó ń wá lórí ẹ̀wà, lẹ́búlẹ́bú ẹ̀wà ò sì ní fò lọ bá a lókè igi. Oògùn tí wọ́n fín tí atẹ́gùn gbé lọ sórí ẹmi, ìyẹn lè bá a.

Ẹyẹ tó bá jẹ ìdin tó ti jẹ ẹ̀wà ò ní kú. Prótíìnì ni, ó ń dà nínú ara, kì í ṣe bíi DDT, oògùn kòkòrò ayé àtijọ́ tó máa ń jókòó sínú ọ̀rá tí á máa pọ̀ sí i bí ẹranko ṣe ń jẹ ara wọn. Ilẹ̀ náà ńkọ́, ilẹ̀ ò ní kú. Ilẹ̀ ni ilé bakitéríà yẹn látilẹ̀wá. Prótíìnì tó bá wà nínú gbòǹgbò àti koríko ẹ̀wà tí ẹ bá rò mọ́lẹ̀ á jẹrà, ekòló ò ní sá. Tí ẹ bá fẹ́ dá ara yín lójú, ẹ hú ìdí kan nígbà tó bá ń tanná, ẹ fọ gbòǹgbò ẹ̀, ẹ wo àwọn kóró wínníwínní ara ẹ̀, ẹ fi èékánná gé ọ̀kan sí méjì, tí inú ẹ̀ bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń fún ilẹ̀ yín ní ajílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti ẹ̀wà lásán.

Ó wá ku ẹ̀wà ìyá yín, èyí sì ṣe pàtàkì sí mi, torí ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ẹ̀wà di ohun ọ̀gbìn, irú ẹ̀wà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá bíi ti yín, owó ò lè rà á padà tó bá lọ. Ẹ̀wà máa ń fún ara ẹ̀ lóyún ni. Kí òdòdó tó ṣí láàárọ̀, ó ti fẹ́ ara ẹ̀ tán nínú, ká tó dé ọ̀sán ó ti pa dé. Torí náà ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí ló máa ń gba tara ẹlòmíì, àmọ́ díẹ̀ yẹn wà, mi ò ní purọ́ fún yín. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ oyin inú ilé yín ló ń gbé e, oyin yẹn kéré, kì í sábà lágbára tó láti ṣí ẹnu òdòdó ẹ̀wà dáadáa, oyin dúdú ńlá yẹn ni, èyí tó máa ń lu ihò sí igi òrùlé, ẹ ó rí i tó bá bà lé òdòdó tí òdòdó á tẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn lè gbé lẹ́búlẹ́bú láti ẹ̀wà kan lọ sí ìkejì. Nítorí náà, ẹ má gbin ẹ̀wà ìyá yín mọ́ ti BT. Ẹ gbé e lọ sí ìpẹ̀kun oko lódìkejì, kí àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ wà láàárín wọn, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sáàárín ìgbà tí ẹ gbìn wọ́n kí wọ́n má tanná pọ̀. Irúgbìn tọdún tó ń bọ̀, àárín àárín ni kí ẹ ti ṣà á, ẹ má ṣà á létí. Kẹ́ ẹ sì tó gbin ẹyọ kan, ẹ kọ́kọ́ bu kọ́ńgò kan nínú ẹ̀wà ìyá yín, ẹ sá a gbẹ, ẹ dé e pa sínú ike, ẹ fún ọmọ yín kan tó wà nílùú míì kó bá yín tọ́jú ẹ̀.

Ẹ̀wà igbó náà wà, èyí tó máa ń fà lórí igbó tí èso ẹ̀ máa ń bẹ́ pá fúnra ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà wa ni, wọ́n lè gba tara wọn. Tí jíìnì yẹn bá bọ́ sínú ẹ̀, ìbẹ̀rù tó wà ni pé á di igbó tí a ò lè kápá. Wọ́n wo èyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ ni pé kì í ṣe Maruca ló ń dá ẹ̀wà igbó dúró, ọ̀gbẹlẹ̀ ni, iná oko ni, ewúrẹ́ ni, ẹni tí a bá sì gba Maruca kúrò lọ́rùn ẹ̀, àwọn yòókù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá rí i létí oko, ẹ hú u.

Ó yá, ibi tí ẹ̀rù ti ń ba èmi rèé.

Màmá, ẹ rántí chloroquine. Nígbà kan, ẹ lo mẹ́rin mẹ́rin, ibà ti lọ. Lónìí ńkọ́? Ibà ti mọ̀ ọ́n, oògùn ò mú un mọ́. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀wà BT, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ohun ọ̀gbìn míì tó jọ ọ́. Ní South Africa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àgbàdo BT ní 1998, Cry1Ab yìí gan-an ló wà nínú ẹ̀, ìdin tó ń lu pòròpórò àgbàdo ni wọ́n fi ń pa. Wọ́n sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún àgbàdo lásán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí wọn ò bá ní fín in rárá, ogún nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá máa fín in. Ọ̀pọ̀ wọn ò ṣe é. Wọ́n wò ó pé kí ló dé tí àwọn á fi fi ilẹ̀ ṣòfò fún kòkòrò, BT ni wọ́n gbìn láti etí dé etí. Nígbà tó fi máa di 2007, ìròyìn ti jáde láti agbègbè Christiana pé ìdin ń jẹ àgbàdo BT ó ń sanra sí i. Kò pé ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ní láti gbé irúgbìn míì tó ní jíìnì méjì dé. Nílẹ̀ India pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ìdin tó ń jẹ òwú ṣe mọ ti òwú BT.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdin, ọ̀kan lè wà tí àgádágodo inú ẹ̀ ṣe wọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ò wọ̀ ọ́. Tí gbogbo oko bá jẹ́ BT, gbogbo àwọn yòókù á kú, ọ̀kan yẹn á kù, òun àti ẹnìkejì ẹ̀ tó rí bíi tiẹ̀ ni wọ́n á fẹ́ra, ọmọ wọn á jogún ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀wà lásán bá wà nítòsí, àìmọye àfòpiná tí BT ṣì lè pa ọmọ wọn á máa jáde níbẹ̀, ọ̀kan yẹn ò ní rí irú ara ẹ̀ fẹ́, àwọn yẹn ló máa bá fẹ́ra, ọmọ tí wọ́n bá bí, BT á ṣì lè pa púpọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà lásán yẹn kì í fi í ṣe òfò. Òun ló ń dáàbò bo BT.

Ti ẹ̀wà wa sì tún gbẹgẹ́ jù lọ, torí jíìnì kan péré ló wà nínú SAMPEA 20-T. Kí ẹ sì mọ nǹkan kan tó kan ẹ̀yin tó wà lápá gúúsù: Maruca kì í lè la ọ̀gbẹlẹ̀ já lókè ọya, kò sí ohun tó máa jẹ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, lápá etí òkun àti inú igbó, ló ti ń lo ọ̀gbẹlẹ̀ lórí igi àti ìtàkùn igbó tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà, tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àfòpiná á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sókè. Àwọn ìtàkùn igbó yẹn náà ń bá wa ṣe iṣẹ́ ẹ̀wà lásán, Ọlọ́run ló fi wọ́n síbẹ̀, àmọ́ mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé wọn nìkan, torí a ń ṣán igbó lójoojúmọ́. Tí Maruca bá lọ mọ BT lóko yín ní Ìsẹ́yìn, àgbẹ̀ Zaria máa gbọ́ ọ lára.

Ó ṣeé ṣe fún yín lọ́dún yìí láìsí wàhálà. Kílò márùn-ún ò lè gbìn ju bí ìdajì éékà lọ, èyí tó kù nínú éékà mẹ́ta yín á jẹ́ ẹ̀wà lásán, ẹ ti ṣe é tán nìyẹn. Ọdún tó ń bọ̀ ni ìdánwò, nígbà tí irúgbìn bá ti pọ̀ lọ́wọ́ yín, torí ẹ lè tọ́jú irúgbìn ẹ̀ fúnra yín, òfin ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Tó bá yá yín lára láti gbin gbogbo ẹ̀ ní BT, ẹ jọ̀ọ́, poro mẹ́rin BT, poro kan lásán, tàbí kẹ́ ẹ ya igun kan sọ́tọ̀. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni pé kẹ́ ẹ da irúgbìn méjèèjì pọ̀ mọ́ra nínú igbá kan kẹ́ ẹ máa gbìn ín sínú ihò kan náà. Ìdin Maruca máa ń rìn láti òdòdó kan bọ́ sí òmíì, tó bá jẹ lásán títí tó fi dàgbà díẹ̀, tó wá tọ́ BT wò díẹ̀ tó tún padà, kò ní kú, ẹ̀kọ́ lẹ kọ́ ọ yẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbìn ín rárá, ẹ wo àpò ẹ̀. Ṣé SAMPEA 20-T ló wà lára ẹ̀, ṣé orúkọ iléeṣẹ́ irúgbìn wà níbẹ̀, ṣé nọ́ńbà wà? Tó bá jẹ́ inú ọ̀rá lásán ni wọ́n dì í sí láti ọjà, ó lè jẹ́ ẹ̀wà lásán ni wọ́n tà fún un, ó lè jẹ́ àdàlù. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, bíi èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, wọ́n á gún ewé díẹ̀ mọ́ omi, wọ́n á ki ìwé yẹn bọ̀ ọ́, ìlà méjì túmọ̀ sí pé prótíìnì wà ńbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ADP, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, tó wà lágbègbè yín bóyá wọ́n lè bá yín wá a.

BT ò ní pa àwọn kòkòrò tó kù o. Kòkòrò dúdú wínníwínní tó máa ń so mọ́ ọ̀mùnú ẹ̀wà á wá, èyí tó máa ń bẹ nínú òdòdó tó ń jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ dànù á wá, èyí tó máa ń fa omi pódì tí pódì fi ń rọ náà á wá. Ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀mejì tí mo ní ẹ máa fín oògùn. Ẹ má sì wá sọ pé ẹ̀wà BT ni kẹ́ ẹ wá gbàgbé oko, ní China, nígbà tí wọ́n gbin òwú BT tí wọn ò fín oògùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kòkòrò míì tí oògùn àtijọ́ ń bá wọn lé ló wá di ọ̀gá níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fín, lẹ́yìn aago márùn-ún, nígbà tí òdòdó ti pa dé tí oyin ti wọlé, ẹ sì lo èyí tí wọ́n kọ orúkọ àti ìwọ̀n sí lára, kì í ṣe ọ̀tapíápíá ọjà. Fínfín díẹ̀ yẹn náà ló máa dá àwọn ọ̀rẹ́ wa sí, torí agbọ́n wínníwínní kan wà tí wọ́n ń yé ẹyin sára ọmọ Maruca tí ọmọ wọn á jẹ ẹ́ kú. Ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Benin ti mú irú méjì wá láti Asia, wọ́n tú wọn sílẹ̀, oògùn tí à ń fín ló ń pa wọ́n. Tí ẹ bá sì kórè tán, ẹ mọ̀ pé kòkòrò inú àpò ẹ̀wà ò mọ BT rí, inú àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ni kẹ́ ẹ dà á sí, ẹ di ẹnu ẹ̀ dáadáa kí atẹ́gùn má wọlé, ẹ ò nílò oògùn kankan.

Iṣẹ́ kan ni mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe nígbà tó bá tanná. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, láàárọ̀, ẹ já ogún òdòdó lára BT, ẹ já ogún lára ẹ̀wà lásán, ẹ kó wọn sínú abọ́ omi méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ìdin tó wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ yín kan. Lára ẹ̀wà lásán ẹ ó rí ìdin ńlá. Lára BT, tí ẹ bá rí ìdin kékeré bí orí abẹ́rẹ́ tó ti rọ, kò burú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ ni. Àmọ́ tí ẹ bá rí èyí tó gùn tó èékánná yín, tó ń rìn, tó ń sanra lára ẹ̀wà tó dá yín lójú pé BT ni, ẹ má fín in lóògùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kó méjì sínú ìgò kékeré tí ẹ bu ògógóró sí kí wọ́n má jẹrà, ẹ kó ìyókù láàyè sínú ike tí ẹ lu ihò sí, ẹ fi òdòdó tútù sí i kí wọ́n rí nǹkan jẹ, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá ADP lọ́jọ́ kan náà, ẹ ní kí wọ́n ké sí IAR ní Zaria.